Ta Ló Sọ "Má" Di "Máa"?

Inspẹ́kítọ̀ tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì ilé ìkàwé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní kí Ìyá Àmì wo ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ síra. Ojúewé kan náà ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ sọ pé, "Bí ọmọdé bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fipá mú un bì." Ìkejì sọ pé, "Bí ọmọdé bá mu kẹrosíìnì, ẹ máa fipá mú un bì."

Ìyá Àmì ò tíì jókòó dáadáa tó fi nàka síbẹ̀. "Lẹ́tà kan," ó ní. "Wọ́n fi 'a' kan kún 'má'."

"'A' yẹn ló gbé ọmọ ọdún méjì dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá ẹ̀ ka ohun tó rí lójú fóònù lọ́jọ́ Ajé, ó ki ìka bọ ọmọ lọ́fun. Kẹrosíìnì tó ti wà níkùn gòkè padà, ó gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ kẹrin rèé, rọ́bà ni wọ́n ṣì fi ń fún un ní afẹ́fẹ́."

Ìyá Àmì bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, tó ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń ṣa àṣìṣe bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Àwọn atẹ̀wé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí àmì ohùn tó lè sá pamọ́ fún un. Inspẹ́kítọ̀ jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé àdììtú wá bá a rí, lẹ́tà ìhàlẹ̀ nígbà kan, ìwé ìhágún ayédèrú nígbà kejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì lọ ilé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lónìí, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ìwé Gbogbo Wa ni wọ́n ń pe ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan sínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe, látorí ìtọ́jú aláìsàn títí dórí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà. Nítorí pé ọwọ́ tó ń kọ ọ́ pọ̀, àṣìṣe ọ̀rọ̀ kíkọ náà pọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o wá gba bọ́ọ̀tì kan láàyè. Bọ́ọ̀tì yìí, ètò kọ̀ǹpútà ni, tó ń tún ọ̀rọ̀ kọ fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì í. Iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́wàá máa fi oṣù kan ṣe, á ti ṣe é tán kí omi orí iná tó hó. Ọwọ́yá lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Aránṣọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà ló ṣe é, òun nìkan lẹgbẹ́ sì fún láṣẹ láti máa darí ẹ̀.

"Ìwé yìí kì í gbàgbé," Inspẹ́kítọ̀ ní. "Gbogbo àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí i, á fi orúkọ àti àkókò pamọ́. Ọwọ́yá ní àkójọ ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé. Láago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹnì kan wọlé pẹ̀lú orúkọ Ọwọ́yá, ó fi ìlà kan kún àkójọ yẹn. Kí wákàtí kan tó pé, bọ́ọ̀tì ti yí 'má' padà sí 'máa' lójúewé irínwó ó lé mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Ajé, láago méjìlá kọjá ogún, orúkọ kan náà padà wá, ó yọ ìlà náà, ó sì tún ojúewé kẹrosíìnì nìkan ṣe."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe látọjọ́ Ìṣẹ́gun. 'Máa' tó tọ́ pọ̀ láàárín èyí tí kò tọ́, wọ́n ní láti kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjìlúgba ṣì kù."

Ìyá Àmì gbé orí sókè. "Òjìlúgba ojúewé tó ń sọ fáráyé pé kí wọ́n máa ṣe ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe, o wá jókòó síbí. Kí ló dé tí wọn ò ti ìwé náà pa ná?"

"Alága ẹgbẹ́ nìkan ló lágbára àtitì í. Ó ní ìtìjú ẹgbẹ́ ni, pé ká mú sùúrù dìgbà ìpàdé. Ìpàdé di aago mẹ́rin òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pinnu ẹni tó máa láṣẹ lórí bọ́ọ̀tì láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀gá mi sì fẹ́ kí n ti mú ẹnì kan kí wọ́n tó jókòó."

"Kí ni ìlà tí wọ́n fi kún un sọ?"

Ó yí ìwé kẹta sí i. "má ń = máa ń" ló wà níbẹ̀.

Ìyá Àmì wò ó títí. "Ìlà yìí tọ́," ó ní. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lóde ló ń tún ṣe. Ẹni tó bá kọ 'mo má ń lọ,' 'mo máa ń lọ' ló ní lọ́kàn. Ta ló wá fẹ́ ṣe ìkà tó jókòó kọ́ ènìyàn ní gírámà?"

*

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wà. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń gbìyànjú láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́, òwú ń yẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ojúewé kan ló ń kà níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yọ "a" kúrò.

"Mi ò sùn, mà," ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Bí mo bá ti di ojú, màá rí ìyá kan tó ń kà á."

"Ìwọ lo fi ìlà yẹn síbẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ta ló tún mọ páásíwọ́ọ̀dù Ọwọ́yá?"

"Kò sí, mà. Òfin ẹgbẹ́ ni. Ẹni tó bá fi han ẹlòmíràn, wọ́n á gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní òfin."

Aránṣọ tẹ orí ba mọ́ aṣọ. Inspẹ́kítọ̀ sún mọ́ ọn. "Fóònù ẹ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbí? Ta ló bá ẹ tún un ṣe?"

"Wáyà ni, sà. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe."

"Páásíwọ́ọ̀dù wà nínú fóònù yẹn?"

Ó ronú, ojú ẹ̀ sì ṣókùnkùn. "Ó wà níbẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n Wáyà ò lè ṣe é."

Inspẹ́kítọ̀ wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bí ẹni tó ti rí ẹja lójú àwọ̀n. Ìyá Àmì ò wò ó. Kọ̀ǹpútà ló fà mọ́ra, ó ní kí aránṣọ fi àkójọ ọ̀rọ̀ hàn òun. Ẹgbẹ̀rún méjì ìlà ló wà níbẹ̀. Ó kà á sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń ka ìwé nílé ìtẹ̀wé, ìka lórí ìlà, ètè ń mì. Ọ̀rọ̀ kan lápá òsì, ọ̀rọ̀ kan lápá ọ̀tún, láti òkè délẹ̀. Ìlà ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n ti yọ nìkan ló ní ọ̀rọ̀ méjì méjì. Ó kọ ìyẹn sínú ìwé kékeré tó wà nínú báàgì ẹ̀.

"Bí wọ́n bá dá Ọwọ́yá padà fún mi," aránṣọ ní, "ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni màá fi dá gbogbo ẹ̀ padà. Ó mọ gbogbo ibi tó fọwọ́ kàn. Alága ti tì í mọ́ mi."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Alága?"

"Mo sọ fún wọn, mà. Wọ́n ní ẹni tó da omi nù kọ́ ló máa tún un pọn."

Nígbà tí wọ́n délẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Inspẹ́kítọ̀ ní, "Ó ń fi nǹkan pamọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jalè kì í jókòó sídìí ohun tó jí, kó máa fi omijé tún un tò."

*

Kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ lé ní ṣọ́ọ̀bù Wáyà. Egungun rédíò, ìfun tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, irun ẹ̀ ti ń funfun. Kò pa irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà pọ̀ tì nígbà tí wọ́n wọlé.

Inspẹ́kítọ̀ mú lẹ́tà kan lórí tábìlì Wáyà, ó kà á, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀. "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni. Mo tọrọ àṣẹ láti ní bọ́ọ̀tì tèmi lóṣù méjì sẹ́yìn, Alága kọ̀. Mo tún wá kọ èyí lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ìyẹn ni pé ó ku ọ̀la kí jàǹbá ṣẹlẹ̀. Jẹ́ kí n kà á fún ẹ. 'Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí bọ́ọ̀tì yìí á ṣe yín ní jàǹbá, ẹ ó sì rántí pé mo sọ ọ́.' Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹni tó rí kòtò lójú ọ̀nà." Wáyà gbé irin kalẹ̀. "Ẹ ka ìyókù ẹ̀, ọ̀gá."

Ìyá Àmì ti gba lẹ́tà náà. Ó kà á délẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni Wáyà ti kọ "àwọn ènìyàn má ń gbàgbé" dípò "máa ń gbàgbé", lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ẹnì kan sì ti fi bírò pupa yí i po. Lẹ́bàá ẹ̀, bírò pupa kan náà kọ: "Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ kọ kò lè tún ọ̀rọ̀ kọ."

"Ta ló fa pupa yìí?"

"Alága, Màmá. Bó ṣe dá a padà nìyẹn láṣàálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan náà. Kó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo kọ, rárá o. Ó máàkì í bíi tọmọ iléèwé."

"Kí wá lohun tí o kọ gan-an? Sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ."

Wáyà nu ọwọ́ ẹ̀. "Ọwọ́yá dà bí ẹni tó ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè rí lẹ́ẹ̀kan. Kò mọ aládùúgbò ọ̀rọ̀ yẹn. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ méjì fún un, á mú àkọ́kọ́, á ju ìkejì nù. Àkójọ ẹ̀ ò sì ní ẹnì kejì tó ń wò ó. Ẹni bá wọlé kọ ohun tó wù ú, kò sẹ́ni tó máa dán an wò kí bọ́ọ̀tì tó gbéra. Mo ní kí wọ́n fi ẹnì méjì sí i, kẹ́nikẹ́ni má dá a darí. Kì báà jẹ́ èmi."

"Ṣé aránṣọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ló ń rí?"

"Òun ló ṣe é, Màmá."

Inspẹ́kítọ̀ nu ojú. Ó ti fa ẹ̀wọ̀n ọwọ́ yọ díẹ̀ nínú àpò, ó tún rọra tì í padà.

*

Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ìyá ọmọ jókòó sórí àga kékeré kan, ó di ìka ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ ìbora. Ọmọ náà ń mí pẹ̀lú ariwo tín-ín-rín kan, bí ẹni ń fa aṣọ lórí sìmẹ́ǹtì. Ìyá ọkọ ẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ṣẹ́ ọwọ́ pọ̀.

"Ẹ máa bi í," ìyá ọkọ ní. "Ẹ bi í bó ṣe kàwé. Ọmọ mi ṣí ojúewé yẹn níṣojú mi lálẹ́ ọjọ́ Ajé. 'Ẹ má fipá mú un bì' ló wà níbẹ̀ gbàgàdà. Ìyàwó rí 'má', ó ka 'máa'."

Ìyá ọmọ ò gbójú sókè. "Bóyá mo ṣì í kà lóòótọ́, mà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ti mu ún tán kí n tó yíjú padà, ìgò ti ṣófo."

Ìyá Àmì kúnlẹ̀ tì í, orúnkún ẹ̀ dún. Ó mú ìwé kejì yọ nínú báàgì. "Wo èyí. Bó ṣe wà nìyí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí o kà á. O ò ṣì í kà. Wọ́n ti tún un ṣe kí ọkọ ẹ tó ṣí i."

Obìnrin náà wo ìwé yẹn pẹ́, bí ẹni pé ó lè tún yí padà lójú ẹ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀ yọjú wò ó lókèèrè. "Ìwé kì í dédé yí ara ẹ̀ padà," ó ní. "Ta ló yí i? Kó wá sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́."

Ìyá Àmì yíjú padà sí ìyá ọmọ. "Nígbà tí o dé ilé ìwòsàn, o sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn?"

"Mo pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ojúewé náà, mà. Nọ́ńbà ẹgbẹ́. Inú ló ń bí mi. Ọkùnrin kan gbé e. Mo ní, 'Ẹ ní ká máa mú ọmọ bì, dókítà ní ìyẹn ló ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ mi jẹ́.' Ó ní àwọn á wò ó."

"Nígbà wo?"

Ó ṣí fóònù ẹ̀. Ìpè náà wà níbẹ̀: ọjọ́ Ajé, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ìyá Àmì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Lójú ọ̀nà ìta, Inspẹ́kítọ̀ ń sáré sọ̀rọ̀. "Ọkùnrin. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tó gbé ìpè, wọ́n yọ ìlà. Aránṣọ ti bọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ó ku Wáyà."

"Wáyà ò sí nínú ẹgbẹ́. Ta ló máa gbé fóònù ẹgbẹ́ fún un? Kíyè sí i, àbúrò mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe jàǹbá, 'má = máa' ni yóò kọ, kò ní kọ 'ń' síbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìkà. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀tì, kò ní kọ ọ̀rọ̀ méjì fún ẹ̀rọ tó ń rí ọ̀kan. Nítorí náà, kì í ṣe aránṣọ, kì í sì í ṣe Wáyà. Ẹni tó mọ gírámà dójú àmì, tí kò mọ ẹ̀rọ rárá, ló kọ ìlà yẹn."

Inspẹ́kítọ̀ dúró sójú kan. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ ò tíì tó. Á ní aránṣọ ló ń purọ́ mọ́ òun, gbogbo ìlú á sì gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló kọ́ ní ìwé. Aago mélòó ti lù?"

"Mẹ́ta àbọ̀."

Ó tẹsẹ̀ mọ́rìn. Òjìlúgba ojúewé yẹn ń gún un láyà.

*

Ènìyàn méje ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé, aránṣọ sì wà lára wọn. Wáyà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí Inspẹ́kítọ̀ ní kó dúró sí. Alága ló wà nídìí tábìlì, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ dé ọrùn, bírò pupa nínú àpò. Àgbà ni gbogbo wọn níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dìde nígbà tó wọlé.

"Ọ̀rọ̀ wa kò gùn," ó ní. "Ẹ̀rọ tí aránṣọ ṣe ní àbùkù, ó sì ti kó wa sí wàhálà. Mo dá a lábàá pé kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti òní lọ, Alága nìkan ni yóò máa darí bọ́ọ̀tì. Àwọn tó fara mọ́ ọn, ẹ nawọ́."

Ọwọ́ méjì ti gòkè. Aránṣọ ń wo ilẹ̀.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Àmì ní láti ẹ̀yìn. "Kí ẹ tó dìbò, ẹ ṣí mi létí. Àwọn kan ń gé 'nítorí' sí méjì nínú ìwé wa, wọ́n ń kọ 'ní torí'. Ó ń dùn mí."

"Ó ń dun èmi náà." Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Bí ẹ bá di olùdarí bọ́ọ̀tì, báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́ sínú àkójọ kó lè tún un ṣe?"

Alága dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Lára bọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ rẹwà-rẹwà tó fi kọ́ ìran mẹ́ta ní ìwé kọ ọ́: "ní torí = nítorí". Ó nu ọwọ́. "Ó parí."

Wáyà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ látẹnu ọ̀nà pé, "Gbogbo 'ní' tó wà nínú ìwé wa ló máa di 'nítorí'."

"Kí ló ń sọ?" Alága bèèrè.

Aránṣọ ló dá a lóhùn, kò sì gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ kan ló ń rí, sà. Á mú 'ní', á ju 'torí' nù. Mo gbìyànjú láti sọ fún yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ìyá Àmì rìn dé ìdí bọ́ọ̀dù. "Àkójọ Ọwọ́yá ní ẹgbẹ̀rún méjì ìlà. Kò sí ibi tí ẹni tó ṣe é ti kọ ọ̀rọ̀ méjì rí. Wáyà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ fi bírò pupa yí 'má ń' po lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà yẹn, Alága. Ẹ máàkì àṣìṣe rẹ̀, ẹ ò ka ohun tó ń sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 'má ń' di ìlà tuntun nínú àkójọ."

"Páásíwọ́ọ̀dù kò sí lọ́wọ́ mi."

"Ó wà lọ́wọ́ yín, sà." Aránṣọ ti ń sunkún, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n. "Ẹ ní kí n fún yín, torí bí nǹkan bá ṣe mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní A B D. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún yín."

Ìyá Àmì bi Alága jẹ́jẹ́ pé, "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọmọ yẹn?"

"Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló ránṣẹ́ sí gbogbo wa."

"Ìyá ọmọ náà pe fóònù ẹgbẹ́ láago méjìlá kọjá márùn-ún. Ó bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láago méjìlá kọjá ogún, ìlà yẹn pòórá. Ọwọ́ ta ni fóònù ẹgbẹ́ máa ń wà?"

Ojú mẹ́fà ló yí sí ọ̀dọ̀ Alága. Ó dì mọ́ etí tábìlì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tí gbogbo wọn rò pé yóò sọ kọ́ ló sọ.

"Ìlà yẹn tọ̀nà," ó ní. "Ẹ fi han ẹnikẹ́ni tó mọ èdè wa. Ìlà tí mo kọ tọ̀nà."

Inspẹ́kítọ̀ mí kanlẹ̀.

"Ó tọ̀nà," Ìyá Àmì ní. "Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Èèyàn lè kọ ohun tó tọ̀nà, kó sì fi pa ọmọ ọlọ́mọ lára. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ẹ kọ́ níwèé jókòó sábẹ́ ẹ̀sùn fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Mo rò pé ojúewé kan ṣoṣo ni. Mo tún un ṣe, mo rò pé ó tán."

"Nígbà tí ẹ gbọ́ pé irínwó ni ńkọ́?"

Ó jókòó. Ó jọ pé ẹ̀wù yẹn ti tóbi jù fún un.

Ìbò tí wọ́n wá dì kò rọrùn. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ ní òfin lòfin, aránṣọ fi kọ́kọ́rọ́ han ẹlòmíràn, kò yẹ kó tún fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì mọ́. Òmíràn ní bọ́ọ̀tì gan-an ló yẹ kí wọ́n sin. Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, títí Wáyà fi kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìka. "Ẹ̀yin àgbà, àwọn ènìyàn ṣì ń kà á o."

Ni wọ́n bá dìbò: aránṣọ àti Wáyà jọ ni yóò di kọ́kọ́rọ́ mú. Ohun tí ọ̀kan bá kọ, èkejì gbọ́dọ̀ dán an wò lójúewé mẹ́wàá kí bọ́ọ̀tì tó gbéra. Ti pé aránṣọ rú òfin, wọ́n á gbọ́ ọ lóṣù tó ń bọ̀. Mẹ́rin gbà, méjì kọ̀. Alága ò nawọ́ sí ibì kankan. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣí àgádágodo Ọwọ́yá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣi páásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀ tẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ ní kó wá sí àgọ́ láàárọ̀ ọ̀la láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Alága ní òun gbọ́. Ó wá yíjú sí Ìyá Àmì. "Wọ́ọ̀dù wo lọmọ náà wà?"

*

Alága àti Ìyá Àmì jọ wọlé sí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ti dín afẹ́fẹ́ inú rọ́bà kù lọ́sàn-án, ó ní bí ọmọ bá lè mí báyìí di àárọ̀, àwọn á yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó tíì dúpẹ́. Gbogbo wọn ń ka èémí.

Alága dúró níwájú ìyá ọmọ, ó ṣí fìlà. Ó sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, kò fi aránṣọ sí i, kò sì fi ẹ̀rọ sí i. Ó ní òun lòun kọ ìlà náà. Ó ní òun lòun gbé fóònù. Ó ní òun tún ojúewé náà ṣe, òun ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ìyá ọkọ gbọ́ ọ délẹ̀. Ó kúrò lójú fèrèsé, ó wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ ẹ̀, ó gba aṣọ ìnujú tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, ó ń tú u, ó ń ká a.

Ìyá ọmọ ò bú u. Ó wò ó bí ẹni tó ti rẹ̀ débi pé ìbínú ò rí agbára dìde.

"Àwọn ojúewé yòókù ńkọ́?" ó bèèrè. "Ẹ ti tún wọn ṣe?"

Ìyá Àmì wo fóònù ẹ̀. Ọ̀rọ̀ aránṣọ ti wọlé. "Wọ́n ti dán an wò lórí mẹ́wàá, ó dára. Ọgọ́rùn-ún ti padà. Ó ń lọ."

"Ó ku mélòó?"

"Àádóje."

Obìnrin náà dá ọwọ́ padà sórí ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀. "Ẹ padà lọ tì wọ́n, sà," ó sọ fún Alága. "Ẹ̀yin lẹ mọ 'má' yàtọ̀ sí 'máa'. Ẹ jókòó, kí ẹ bá wọn kà á wò lọ́kọ̀ọ̀kan."